Orúkọ tí Peugeot ní kí wọ́n pa rẹ́, irin ò gbàgbé ẹ̀

Ìtàn nọ́ńbà kan ni mo fẹ́ sọ: 901. Lọ́dún 1964, ilé iṣẹ́ Peugeot sọ fún Porsche pé wọn ò gbọdọ̀ fi nọ́ńbà yẹn pe mọ́tò wọn. Porsche gbà, wọ́n yí i padà sí 911, ayé sì ń bá tiẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá wọ abẹ́ 911 tí wọ́n ṣe lọ́dún 1973, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìjà yẹn, tí ẹ nu gíríìsì kúrò lára búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì ẹ̀, 901 lẹ máa bá níbẹ̀. Gbangba báyìí.

Kí ló wá kan ọmọ Ìbàdàn nínú ọ̀rọ̀ Porsche? Mi ò ní parọ́ fún yín, márúwá ni mo ń wọ̀ kiri. Inú àpótí kan lọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Mẹkáníìkì Volkswagen ni bàbá mi. Wọ́n ti lọ, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Lẹ́yìn tí wọ́n kú, ẹni tó ni ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ní òun fẹ́ lo ilẹ̀ òun, a sì ní láti kó ẹrù jáde kíákíá. Lábẹ́ bẹ́ǹṣì iṣẹ́ wọn la ti rí àpótí onígi kan tó kún fún irin. Ẹnì kankan nínú ilé ò mọ ohun tí wọ́n jẹ́. Èyí rí bí abọ́, èyí rí bí egungun itan adìyẹ, èyí rí bí nǹkan tí wọ́n fi ń lọ ata. Ẹni tó ń ra irin àlòkù gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó dá iye lé e bí ẹni ń ra gààrí.

Màmá mi ní ká tà á. Ẹ̀gbọ́n kan tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá mi, tí àwọn náà ti di ọ̀gá báyìí, ló ní, “Ọmọ Ọ̀gá, má tíì tà á. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́.”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti lọ.”

Wọ́n bu bẹntiróòlù díẹ̀ sínú ike fún mi, wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ kan lé e. “Fọ̀ ọ́. Á sọ orúkọ ara ẹ̀ fún ẹ.”

Ó sì sọ ọ́ lóòótọ́. Bí dúdú yẹn ṣe ń ṣí kúrò, nọ́ńbà ń yọ jáde. 113 báyìí, 105 báyìí, ó tún ku mẹ́ta míì lẹ́yìn. Mo gbé fóònù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nọ́ńbà pátì Volkswagen ní gírámà. Èmi tí mo ka èdè ní yunifásítì, inú mi dùn débi pé mi ò sùn lóru ọjọ́ náà.

Báyìí ni gírámà yẹn ṣe rí. Nọ́ńbà mẹ́sàn-án ni, ní ìpín mẹ́ta. Ìpín àkọ́kọ́ ń sọ irú mọ́tò tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe pátì náà: 111 tàbí 113, Ìjàpá nìyẹn. 211, bọ́ọ̀sì Volkswagen ni, èyí tí àwọn ará Èkó sọ di dánfó. Nínú ìpín kejì, nọ́ńbà tó ṣáájú ń sọ apá ibi tí pátì náà ń gbé lára mọ́tò: 1 jẹ́ ẹ́ńjìnnì, 3 jẹ́ gíà, 6 jẹ́ táyà àti bíréèkì, 8 jẹ́ bọ́dì, 9 jẹ́ iná. Méjì tó kù wá tún un sọ ní kíkún. Tí ẹ bá rí 105 láàárín, kráńkì àti kọ́nrọ́ọ̀dù ni. 115, pọ́ǹpù ọ́ìlì. 129, kábúrétọ̀ àti ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ìpín ìkẹta ló ń dárúkọ pátì náà gan-an. Ẹni tó bá mọ gírámà yìí lè mú irin tí ò rí rí lọ́wọ́, kó sọ pé, “Ìwọ, inú ẹ́ńjìnnì Ìjàpá lo ti wá, ìdí kráńkì lò ń gbé.” Bí ẹni ń ka ilà ojú ni.

(Fún àwọn tí wọ́n bí lẹ́yìn ayé Ìjàpá: mọ́tò kékeré aláhun yẹn ni mò ń sọ, èyí tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ wà lẹ́yìn. Láti 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen of Nigeria ti ń tò ó ní Èkó, lójú ọ̀nà Badagry. Ìdí nìyẹn tí pátì ẹ̀ fi pọ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì àwọn bàbá wa.)

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Mo ti gbọ́ níbì kan pé ẹ́ńjìnnì Porsche àtijọ́ bá ti Ìjàpá tan. Ni àlá bá wọlé. Mo ní bóyá ọ̀kan nínú irin wọ̀nyí jẹ́ ti Porsche, bóyá bàbá mi fi owó dọ́là sílẹ̀ fún wa láìmọ̀. Ojúkòkòrò yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún Porsche àtijọ́ ṣe. Ohun tí mo rí níbẹ̀ yà mí lẹ́nu: irú gírámà kan náà làwọn náà ń kà.

Ìbátan yẹn kì í ṣe àsọdùn. Ferdinand Porsche ló ṣe àwòrán Ìjàpá láàárín ọdún 1930 sí 1939. Lẹ́yìn ogun, Ferry ọmọ ẹ̀ fẹ́ ṣe ọkọ̀ eré tiẹ̀, ìlú Gmünd ní Austria ni wọ́n wà nígbà yẹn. Nǹkan ò sí lọ́jà, ogun ti jẹ gbogbo ẹ̀. Kí ni wọ́n ní lọ́wọ́? Pátì Volkswagen. Mọ́tò tó kọ́kọ́ jẹ́ Porsche, tí wọ́n gba ìwé ẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1948, ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ló wà nínú ẹ̀: 1131 cc, tí wọ́n tún ṣe títí agbára ẹ̀ fi kúrò ní bíi 25 tó di bíi 35. Gíà, ti Ìjàpá. Ẹsẹ̀, ti Ìjàpá. Bọ́dì nìkan ni wọ́n fọwọ́ lù fúnra wọn. Ẹ wo bí ẹni tó wọ bùbá àna ìyàwó lọ sóde àríyá. Èyí ló di Porsche 356. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fi pátì tiwọn rọ́pò ti Volkswagen. Nítorí náà, ẹni tó bá ṣí 356 àkọ́kọ́ lónìí, tó bá irin Volkswagen níbẹ̀, kó má tètè sọ pé wọ́n lu òun ní jìbìtì. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i.

Ó wá ku ẹni tó máa jogún 356. Ẹ́ńjìnnì tuntun ni wọ́n ṣe fún un: sílíńdà mẹ́fà, mẹ́ta dùbúlẹ̀ sápá ọ̀tún, mẹ́ta sápá òsì, atẹ́gùn ló ń tù ú, lítà 2, agbára ẹṣin 130. Wọ́n fẹ́ fún un lórúkọ. Ní àsìkò yẹn, Porsche ń ronú pé ó ṣeé ṣe kí àwọn àti Volkswagen jọ túbọ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n wá fẹ́ nọ́ńbà tó máa bá ìwé pátì Volkswagen mu. Wọ́n wo ìwé yẹn, wọ́n rí i pé àyè ṣì ṣófo láti 900 lọ sókè. Ni wọ́n bá mú 901. Ẹ ti rí i báyìí: orúkọ ọkọ̀ eré tó lókìkí jù láyé, inú ìwé pátì Ìjàpá ni wọ́n ti wá àyè fún un.

Wọ́n gbé 901 hàn ní Frankfurt ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1963. Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fún títà. Oṣù kẹwàá 1964, wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn mọ́tò ní Paris. Ibẹ̀ ni Peugeot ti ní, “Ẹ dúró ná.”

Ẹ ronú sí orúkọ Peugeot tí ẹ mọ̀. 404. 504, tó gbé àwọn òbí wa kiri gbogbo orílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975. 505. Kí ló wà láàárín gbogbo wọn? Òdo. Láti 201 ti ọdún 1929 ni Peugeot ti ń fi òdo sáàárín, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ sí i ní ilẹ̀ Faransé. 901 náà ní òdo láàárín. Wọ́n ní ká má fi tiwa ṣe tiyín. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá yẹn, Ferry Porsche pàṣẹ pé kí òdo di 1. Ọkọ̀ 82 ni wọ́n ti ṣe pẹ̀lú orúkọ 901 kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. (Àwọn ọkọ̀ ìdíje bíi 906, 907 àti 908 ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn lọ ní tiwọn o. Ti mọ́tò títì ni Peugeot ń jà sí.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi rèé. Ẹ mọ àwọn ìkéde tó máa ń wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn wa: “Èmi tí wọ́n ń pè ní Omidan Lágbájá tẹ́lẹ̀, Ìyáàfin Lámọrín ni kí ẹ máa pè mí báyìí, gbogbo ìwé mi àtijọ́ ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀.” Ohun tí Porsche ṣe gan-an nìyẹn. Orúkọ tó wà lẹ́yìn mọ́tò yí padà, ti inú ìwé tí wọ́n fi ń tajà náà yí padà. Ṣùgbọ́n mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń da irin ti wà nílẹ̀, 901 ti wà lára ẹ̀, ìwé pátì ti jáde. Ta ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nítorí òdo? Gbogbo ìwé àtijọ́ ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Nítorí náà, tí ẹ bá mú irin kan tí ẹ ò mọ̀ kúrò lára 911 àtijọ́, tí ẹ bá rí 901 lára ẹ̀, ẹ ti mọ ìdílé ẹ̀. Ẹ wá ka mẹ́ta tó tẹ̀lé e: 101 jẹ́ búlọ́ọ̀kù, 102 jẹ́ kráńkì, 104 jẹ́ orí sílíńdà, 105 jẹ́ kámṣáàfù, fáàfù àti ṣéènì, 106 jẹ́ fáànù, 107 jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ́ìlì, 108 jẹ́ kábúrétọ̀. Ẹ kíyè sí i, ẹ jọ̀ọ́: 105 ti Volkswagen jẹ́ kráńkì, 105 ti Porsche jẹ́ kámṣáàfù. Gírámà kan náà, ẹ̀ka-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ará Ìjẹ̀bú àti ará Èkìtì bá ń sọ̀rọ̀, ẹ má rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ ló túmọ̀ sí ohun kan náà. Àṣìṣe yìí ni mo kọ́kọ́ ṣe, Ẹ̀gbọ́n fi mí ṣẹ̀sín fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Àṣìṣe kejì tó burú ju ìyẹn lọ ni kéèyàn rò pé gbogbo nọ́ńbà tó wà lára irin jẹ́ ọ̀kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ronú sí orúkọ tiwa. Àmútọ̀runwá wà, bíi Táíwò, Àjàyí, Dàda: bí wọ́n ṣe bí ọmọ náà ló sọ ọ́ lórúkọ. Àbísọ wà, èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Irin ẹ́ńjìnnì náà ní méjèèjì.

Nọ́ńbà tó yọ sókè lára irin, tó jáde pẹ̀lú ẹ̀ nígbà tí wọ́n dà á, àmútọ̀runwá nìyẹn. Nínú ti Porsche, ẹ máa ń rí lẹ́tà R nídìí ẹ̀, èyí tó ń sọ pé irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà, tí wọn ò tíì gbẹ́, ni nọ́ńbà yẹn wà fún. Búlọ́ọ̀kù 911 kọ́kọ́ jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù, lẹ́yìn náà ni wọ́n yí i sí magnesium nítorí kó lè fúyẹ́. Bí wọ́n ṣe ń tún un ṣe ni nọ́ńbà tó ṣáájú R ń yí. Èyí tí gbogbo èèyàn ń wá ni 7R, torí òun ló lágbára jù nínú àwọn magnesium. Òun ni wọ́n lò fún Carrera RS 2.7 ti 1973, ọkọ̀ tí àwọn olówó ń jà lé lórí títí dòní. Ẹ wò ó dáadáa: 901, lẹ́yìn náà 101, lẹ́yìn náà àwọn yòókù, títí dé 7R. Olóyè ni, ṣùgbọ́n orúkọ tí Peugeot kọ̀ ṣì ń bẹ lára ẹ̀.

Nọ́ńbà tó wọlé sínú irin, tí wọ́n fi òòlù tàbí ẹ̀rọ tẹ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n parí ẹ́ńjìnnì, àbísọ nìyẹn. Ti ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ni, kò gbọdọ̀ ní ìkejì. Lára 911, ẹ̀gbẹ́ fáànù lápá ọ̀tún lẹ máa bá a. Òun náà ní ìtumọ̀. Bí àpẹẹrẹ, tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 631: 6 jẹ́ sílíńdà mẹ́fà, 3 jẹ́ ẹ́ńjìnnì S tó lágbára, 1 jẹ́ ti 1971.

Kí ló dé tí mo fi ń dààmú yín pẹ̀lú èyí? Torí pé àbísọ ṣeé parọ́ sí. Mọ́tò tó bá ṣì ní ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí i mọ́, owó ẹ̀ máa ń ju ti ẹni tí wọ́n yí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ padà lọ fíìfíì. Ni àwọn kan bá ń fi ẹ̀rọ fá nọ́ńbà kúrò, wọ́n á lu òmíràn sí i. Àmútọ̀runwá ló sì máa ń tú wọn fó. O lu nọ́ńbà 1967 sí búlọ́ọ̀kù, ṣùgbọ́n búlọ́ọ̀kù náà jẹ́ magnesium 7R tí wọn ò tíì dá sílẹ̀ láyé 1967. Ọmọ tó ní wọ́n bí òun ṣáájú ìyá òun, ẹ bi í léèrè. Káàdì náà wà ní ilé iṣẹ́, Kardex ni wọ́n ń pè é, tí wọ́n kọ nọ́ńbà bọ́dì, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti àwọ̀ ọkọ̀ sí nígbà tó ń jáde. Irin àti ìwé, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ tẹnu méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ kí ẹ tó pe èèyàn ní olè. 911 àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú kábúrétọ̀ Solex, ó ń fún àwọn èèyàn ní wàhálà. Ní 1966, Porsche fúnra wọn yí i sí Weber, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ra ti tẹ́lẹ̀ náà sì yí tiwọn. Tí ẹ bá rí Weber lórí ọkọ̀ 1965, àtúnṣe ni, kì í ṣe irọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi jà lórí èyí, àwọn tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan rí bó ṣe rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èmi ọmọ mẹkáníìkì ni. Mọ́tò tí ò tíì sí ẹni tó tún un ṣe rí, mọ́tò tí ò rin ìrìn kankan ni.

Ọ̀kan tó kù tí mo fẹ́ sọ: nọ́ńbà 57. Ní 2014, àwọn òṣìṣẹ́ ètò tẹlifíṣọ̀n kan ní Jámánì rí àwọn Porsche àtijọ́ méjì nínú àká ẹrù kan. Ọ̀kan pupa, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, kò ní pátákó ẹ̀gbẹ́ iwájú, bíréèkì ẹ̀ ò ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá wò ó lóréfèé, irin àlòkù ni, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Nígbà tí wọ́n ka nọ́ńbà bọ́dì ẹ̀ fún àwọn ará ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Porsche, ó jẹ́ 300 057. Ọ̀kan nínú àwọn 901 ìṣáájú ni! Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Porsche fúnra wọn ò ní ẹyọ kan nínú àwọn tí wọ́n bí pẹ̀lú orúkọ 901. Wọ́n san 107,000 yúrò, wọ́n fi ọdún mẹ́ta tún un ṣe, wọ́n ń wá pátì ayé ìgbà náà, wọ́n ń dá gbogbo ohun tó bá ṣeé tún ṣe padà sí àyè ẹ̀ dípò kí wọ́n fi tuntun rọ́pò. Oṣù Kejìlá 2017 ni wọ́n gbé e síta fún aráyé wò.

Mo ka ìtàn yẹn tán, mo padà sídìí àpótí bàbá mi pẹ̀lú ìtara. Mo fọ gbogbo ẹ̀, mo wo gbogbo ẹ̀. 113. 113. 111. 113. 211. Kò sí 901 kankan. Kò sí dọ́là kankan. Ìjàpá pátápátá pẹ̀lú dánfó kan.

Àwọn tí mo ní wọ́n rí bí egungun itan adìyẹ yẹn, kọ́nrọ́ọ̀dù ni wọ́n. Mẹ́rin ni, olúkúlùkù pẹ̀lú ìdérí ìdí ẹ̀. Nígbà tí mo fọ wọ́n, mo rí àmì tí kò sí nínú ìwé pátì kankan: tótóró kékeré tí wọ́n fi irin lù sára wọn. Ọ̀kan lára àkọ́kọ́ àti ìdérí ẹ̀, méjì lára èkejì, mẹ́ta lára ìkẹta, mẹ́rin lára ìkẹrin. Mo gbé e lọ fún Ẹ̀gbọ́n.

Wọ́n ní, “Ọwọ́ Ọ̀gá nìyẹn. Wọn kì í gbà kí ìdérí kan bọ́ sórí ọ̀pá ẹlòmíràn. Tó o bá pààrọ̀ wọn, ẹ́ńjìnnì á kàn.” Wọ́n ń yí wọn lọ́wọ́ níkọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n dé orí ìkẹta, wọ́n dákẹ́. Tótóró tiẹ̀ wọ́, ọ̀kan ti yà kúrò lórí ìlà. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n.

“Èmi ni mo lu èyí. Mi ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ọ̀gá gbá mi létí nítorí ẹ̀, wọ́n ní ṣé mò ń kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́bìnrin mi lára irin ni.”

Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n ní bẹntiróòlù ló ta sí i. Wọ́n wá bi mí pé ṣé wọ́n lè mú ìkẹta yẹn lọ. Mo ní kí wọ́n mú un. Àwọn yòókù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, màmá mi ti ráhùn títí ó ti sú wọn. Mo ti kọ orúkọ mọ́kànlá sílẹ̀. Ó ku mẹ́fà tí mi ò tíì mọ̀.